Ọkọ̀ Ojú Irin Inú Yàrá Wa ní Hanoukopé

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìgbà kẹrin nìyí lọ́sẹ̀ yìí tí ẹ ń bi mí pé níbo ni reluwé kékeré tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn ilé mi ní Hanoukopé wọlé sí. Mo ti dá yín lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ kò gbọ́, nítorí pé bí mo bá ti la ẹnu báyìí ni ọkọ̀ akẹ́rù kan á máa bọ̀ láti èbúté, gbogbo fèrèsé ilé bàbá yín ní Adakpamé yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀yin náà á sì sáré jáde lọ wò ó bí ẹni pé ẹ kò rí ọkọ̀ rí. Mo wá jókòó, mo mú bírò, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó kà á. N kò ní tún un sọ mọ́.

Kò sọnù. Wọn kò jí i. N kò sì tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, bí ọ̀kan nínú yín ṣe ń sọ kiri àdúgbò. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e lé àwọn ẹbí ìyá àgbà yín lọ́wọ́, lẹ́yìn tí mo ti bá wọn jiyàn fún odidi ọ̀sán kan.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ẹ ń pè é ní ohun ìṣeré. Kí ẹ tó tún pè é bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkọ̀ ojú irin jẹ́ fún wa, ẹ̀yin tí ẹ rò pé mọ́tò ló ń gbé ènìyàn lọ sí Atakpamé láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀.

Nígbà tí àwọn Faransé ń jọba lé wa lórí, akọ̀wé ni mí ní gáà Lomé. Gáà ni a ń pe ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí, bí àwọn fúnra wọn ṣe ń pè é. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ àkókò tí ọkọ̀ gbéra àti àkókò tí ó wọlé, kí n sì fi wáyà ránṣẹ́ sí gáà tó kàn pé ó ti ń bọ̀. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra láàárọ̀, ọkùnrin kan á lu irin gbọọrọ tí wọ́n gbé kọ́ síwájú gáà lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ó bá ti lù ú lẹ́ẹ̀kejì ni àwọn obìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, apẹ̀rẹ̀ lórí, ọmọ lẹ́yìn, adìyẹ lábẹ́ apá. Èéfín á bo gbogbo wa. Ẹ̀rọ náà á mí kanlẹ̀, á fun fèrè, á sì máa wọ́ lọ bí ẹni tí kò fẹ́ lọ. Àwọn òyìnbó á jókòó sórí tìmùtìmù nínú ọkọ̀ tiwọn. Àwa á jókòó sórí pákó, èérún iná á máa fò gba ojú fèrèsé wọlé, á máa jó wa láṣọ. Ẹni tó bá wọ aṣọ tuntun lọ sí Atakpamé, aṣọ oníhò ni yóò fi dé ọ̀hún. A máa ń ráhùn gan-an, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà fi wá sílẹ̀.

Lónìí ẹ ń rìn kọjá lórí irin náà, wọ́n ń sá aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ewúrẹ́ ń sùn sí i láàárín. Ọ̀kan nínú yín tilẹ̀ bi mí pé kí ni wọ́n ri irin gígùn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún.

Ọ̀dọ̀ àwọn Ifẹ̀ ní Atakpamé ni ìyá àgbà yín ti wá. Iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ ló ń gbé láti Lomé lọ sókè, iṣu ló sì ń gbé bọ̀. Kò mọ iye kìlómítà tó wà láàárín gáà kan sí èkejì, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ló mọ̀. Ní Tsévié, ablo ni, ẹ̀kọ funfun tí wọ́n fi ooru sè, tó dùn díẹ̀ lẹ́nu. Ní Agbélouvé, ẹ̀pà sísè. Ní Nuatja, iṣu díndín. Ní Chra, ẹran ìgbẹ́ yíyan tí wọ́n fi igi gún. Ní Agbonou, tí í ṣe gáà Atakpamé, àkàrà ni, àwọn ènìyàn tirẹ̀ ló sì ń tà á. Kí ọkọ̀ tó dúró ni wàá ti máa gbọ́ ohùn wọn, tí wọ́n ń pe èrò lórúkọ, tí wọ́n ń bú ẹni tó ra tẹlòmíràn. Bí ìyá àgbà yín bá sùn lọ nínú ọkọ̀, imú ló fi ń mọ ibi tó dé. Èmi tí mo mọ gbogbo kìlómítà ni mo máa ń sọ̀ sí gáà tí kì í ṣe tèmi.

Ní oṣù keje ọdọọdún, àwọn Faransé á ṣe ọdún wọn, wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ àti àsíá bo iwájú ẹ̀rọ náà. Àwọn ọmọ iléèwé á dúró nínú oòrùn, wọ́n á máa kọ orin tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ọdún kan, awakọ̀ fẹ́ dá àrà, ó tú ooru omi jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gẹ́lẹ́ bí ọ̀gá kan ṣe ń kọjá. Nígbà tí ooru náà fi máa ká kúrò, aṣọ funfun ọ̀gá ti di alámì-dúdú bí ìyẹ́ ẹtù. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ilé ni a ti rín in, títí ikùn fi ń dùn wá.

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ tiwa. Aago ògiri kan bàjẹ́ ní gáà, wọ́n ní kí a dà á nù. Mo mú inú rẹ̀ wálé, mo fi sípíríǹgì rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tó ń fa ọkọ̀. Agolo sadíìnì ni mo fi ṣe àwọn ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Àjákù wáyà ni mo tẹ́ ṣe irin, mo to pákó tín-ín-rín sábẹ́ rẹ̀. Tábìlì tí mo kàn fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo yàrá ẹ̀yìn tán: Lomé wà lẹ́nu ọ̀nà, Agbonou wà lábẹ́ fèrèsé. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dé òpin, ọkọ̀ náà á sáré, á dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí agbára rẹ̀ kọjá Agbélouvé. Níbẹ̀ ni yóò ti kú. Ìyá àgbà yín á wá fi ìka tì í, á ní, “Òyìnbó ti lọ wá igi ìdáná. Ẹ sọ̀, ẹ ra ẹ̀pà.” Mo tún sípíríǹgì yẹn ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo bú u, mo fi òróró pa á. Agbélouvé náà ló ń kú sí. Lọ́jọ́ kan adìyẹ wọlé, ó yé ẹyin sí Chra gan-an. Ìyá àgbà yín kò jẹ́ kí n mú ẹyin náà kúrò, ó ní ẹrù tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn orí rẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ó ní ọkọ̀ tí kò sí ẹni tó ń ta nǹkan fún un lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àwọn obìnrin ọlọ́jà. Amọ̀ ló fi ṣe orí wọn, ó ń yan án lábẹ́ ààrò; igi ìgbálẹ̀ ni ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wọn; aṣọ gidi ló ró fún wọn, ó sì ń fi ìda àbẹ́là lẹ̀ wọ́n mọ́ orí tábìlì. Kì í ṣe wọ́n ní ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi òkú dé láti Atakpamé ló máa ń jókòó tì í. Èyí máa ń bí mi nínú. Mà á ní, “Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú lánàá, ọmọláńgidi lo tún jókòó tì?” Á ní, “Ẹ jẹ́ n gbọ́ ti amọ̀ tó wà níná.” Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Níkẹyìn wọ́n pọ̀ jù ní Agbonou. Ibẹ̀ kún tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ń gbá wọn ṣubú, bẹ́ẹ̀ Chra kò ní ju méjì lọ. Èmi, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ ètò, mo kó mẹ́ta láti Agbonou lọ sí Chra. Nígbà tó dé láti ọjà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

“Bàbá Kòjó, ta ló kó àwọn obìnrin yìí kúrò ní Agbonou?”

“Èmi ni. Ibẹ̀ há jù.”

“Ẹ dá wọn padà.”

“Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀? Ọlọ́jà kì í ṣe ọlọ́jà ni?”

“Ẹ dá wọn padà, mo ní.”

Mo ní n kò dá wọn padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á kọjú sí ògiri, á sọ fún ògiri pé oúnjẹ ti wà nílẹ̀ o. Ọjọ́ kẹrin ni mo dá wọn padà. Mo ní nínú ara mi pé obìnrin yìí lágídí, ó sì parí síbẹ̀. Mo ti kàwé, mo ti gba ìwé ẹ̀rí, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ìdí.

Ó wá kú. Ẹ̀yin náà wà níbi ìsìnkú rẹ̀, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ̀ wá, Tàǹtí Afí tí ẹ mọ̀, òun pẹ̀lú awakọ̀ kan àti páálí mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí àṣà yìí yé yín, nítorí ẹ̀yin náà á gbéyàwó. Ohun tí obìnrin bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tàbí tó fi owó ara rẹ̀ rà, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló ni ín. Ọkọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo mọ èyí. Mo ti kó aṣọ rẹ̀ jáde, mo ti fọ ìkòkò rẹ̀. Kòjó bàbá yín wà níbẹ̀, a pín gbogbo rẹ̀ láìsí ariwo. Mo rò pé ó parí. Afí wá ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.

“Ó ku àwọn wọ̀nyí, ọkọ wa.”

“Àwọn wo?”

“Àwọn ènìyàn orí tábìlì. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló mọ wọ́n. Tiwa ni wọ́n.”

“Afí, ohun kan ṣoṣo ni gbogbo èyí. A kì í pín in.”

“Ẹ̀yin lẹ kan irin. A ò béèrè irin lọ́wọ́ yín. Ẹ mú irin yín.”

“Kí ni mo fẹ́ fi reluwé tí kò ní èrò ṣe?”

“Ṣebí bí ti ìjọba náà ṣe wà nìyẹn,” ó ní. “Irin ń bẹ, èrò ò sí. Ẹ ò rí i pé tiyín gan-an lá jọ tòótọ́?”

Awakọ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. N kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Bàbá yín tí mo rán lọ síléèwé, dípò kó gbè mí, ó ní, “Bàbá, sà va, ó ti tó, ẹ jẹ́ ká pín in bẹ́ẹ̀. Kí Tàǹtí mú ènìyàn, ká mú irin.” Mo ní kó jáde nínú yàrá náà. Mo bá Afí jiyàn títí oòrùn fi yí. Mo ní òun kò mọ ohun tó ń béèrè. Mo ní ogójì ọdún ni èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ṣe é, òun kò tilẹ̀ mọ gáà tó ṣáájú ìkejì. Nígbà tí mo ti sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ tán, mo sọ èyí tí kò yẹ kí n sọ.

“Ọmọláńgidi lásán ni wọ́n, Afí. Lọ mọ tìrẹ.”

Afí bẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì, ó ṣí ọ̀kan kúrò ní Agbonou, ó nà án sí mi.

“Ẹ wo aṣọ rẹ̀.”

“Mo rí i.”

“Ìyá wa nìyí. Ìró tó máa ń ró lọ sí gáà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nìyí. Èyí ni àbúrò bàbá wa tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa tó kú nígbà ìkúnlẹ̀. Èyí tó wà ní Nuatja, ibẹ̀ ló lọ́kọ sí. Nígbàkígbà tí a bá ń pín aṣọ òkú, ẹ̀gbọ́n mi kì í gba ìró, kì í gba bùbá. Á ní kí a gé igun kan fún òun, ká kó ìyókù. A rò pé orí rẹ̀ ń yí ni. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá yìí, ó ti pẹ́, ni mo tó mọ̀.”

Mo gba obìnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi awò ojú mi sójú. Aṣọ náà ti ṣá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Mo ti ra àkàrà lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́, kí n tó fẹ́ ọmọ rẹ̀.

“A ò ní fọ́tò wọn,” Afí ní. “Ta ni ì bá ya ọlọ́jà ní fọ́tò nígbà náà? Mo fẹ́ kó wọn lọ kí àwọn ọmọbìnrin ilé wa lè fi wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ mọ. Mo ti gé igun aṣọ rẹ̀.”

“Àwọn mẹ́ta tí mo kó lọ sí Chra nígbà kan…”

“Ó ròyìn rẹ̀ fún wa. Ó ní ẹ kó ìyá wa kúrò nílùú rẹ̀.”

“Kí ló dé tí kò sọ fún mi?”

“Ṣé ẹ bi í?”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, inú ń bí mi sí i, ṣùgbọ́n ẹ sàn jù mí lọ. N kò bi í. Ọ̀dọ̀ tèmi nínú ilé kan náà ló ti ń kó gbogbo ìyá rẹ̀ jọ, bí wọ́n ṣe ń kú tẹ̀léra wọn, mo sì dúró sórí wọn pẹ̀lú ọ̀pá ìwọn lọ́wọ́, mo ń sọ pé gáà kan há.

Ìjà náà parí síbẹ̀. Mo lọ mú ọ̀bẹ, mo fi iná yá a, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣí ìda lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, nítorí Afí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹsẹ̀ ẹnìkan. Bó bá ti ń dárúkọ wọn ni mo ń kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, tí mo ń dì í mọ́ wọn lára. A gba Agbonou, a gba Chra, a gba Nuatja, a ń bọ̀ wá sí Lomé. Lábẹ́ òrùlé gáà Lomé, ó ku ẹnìkan ṣoṣo. Òun nìkan ló jókòó lórí àpótí. Gbogbo àwọn tó kù ló wà lóòró.

Afí yẹ̀ ẹ́ wò. “Èyí kì í ṣe tiwa. N ò mọ aṣọ yìí.”

Èmi mọ̀ ọ́n. Aṣọ òkè aláró ni, tó ní ìlà funfun kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n ń hun lọ́dọ̀ wa ní apá Kétu. Ìyá mi ló ni ín. Lẹ́nu ọ̀nà gáà Lomé ló ti ta ẹ̀kọ àti ẹja díndín títí ó fi darúgbó. Kò fẹ́ kí n fẹ́ ọmọ Atakpamé. Kò wá síbi ìdána, ó ní ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilé àwọn àna mi láé, kò sì tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbé èrò lọ síbẹ̀ ń gbéra níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, kò wọ̀ ọ́ rí. Ìyàwó mi fara dà á, kò fẹnu kàn án lójú mi rí. Nígbà tí ìyá mi kú, tí àwọn àbúrò mi obìnrin ń pín ẹrù rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹnìkan ti gé igun aṣọ tó dára jù. Ariwo sọ. Wọ́n fẹ̀sùn kan ara wọn, wọ́n fẹ̀sùn kan aládùúgbò, níkẹyìn wọ́n fẹ̀sùn kan èkúté. Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Èkúté Lomé mà le o.”

Mo sọ èyí fún Afí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

“Tiyín lèyí nígbà náà,” ó ní. “Ẹ fi í sílẹ̀ fún ara yín, ọkọ wa.”

Mo wo tábìlì náà. Láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ fèrèsé, kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ mọ́, àfi ìyá mi lórí àpótí rẹ̀, ẹ̀kọ níwájú.

“Kí ló fẹ́ máa dá tà níbẹ̀?” mo ní. “Fún ta ni?”

“Kí ni kí n wá ṣe?”

“Mú un. Mú irin, mú ọkọ̀, mú tábìlì pẹ̀lú. Kó gbogbo rẹ̀ lọ.”

“Ìyá yín ní òun ò ní dé ilé wa láé o.”

“Mo gbọ́ nígbà tó sọ ọ́.”

Tábìlì kò gba ẹnu ọ̀nà, inú yàrá ni mo ti kàn án. Bàbá yín fi ayùn gé e sí mẹ́ta. Awakọ̀ ń ráhùn pé ẹrù ẹlẹgẹ́ ni, pé ọ̀nà kò dára, pé bí ó bá fọ́ kí a má pe òun. Mo ní kó dákẹ́, kó wakọ̀. Mo fa wáyà tó kù jáde fúnra mi, mo ká a, mo jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn yàrá náà.

Wọ́n kó àwọn obìnrin Atakpamé sínú páálí, pẹ̀lú òwú láàárín wọn. Ìyá mi kò wọ páálí, nítorí àpótí ìjókòó rẹ̀ kò jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́. Afí gbé e lé orí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níwájú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Báyìí ni ìyá mi ṣe kúrò ní Lomé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tó lọ kí àwọn àna rẹ̀.